Kí Ni Ó Wà Lábẹ́ Ilẹ̀ Tí A Ń Tẹ̀?

Bí ènìyàn bá jókòó ti àgbà Ẹ̀gbá kan ní Abẹ́òkúta, tí ó sì bi í léèrè bí ìlú náà ti ṣe bẹ̀rẹ̀, àgbà náà kò ní ronú pẹ́ kí ó tó dáhùn. Yóò sọ ti ogun tí ó tú àwọn baba wa ká nínú igbó Ẹ̀gbá. Yóò sọ ti Ṣódẹkẹ́, olórí wọn. Yóò sì sọ bí wọ́n ṣe dé abẹ́ Olúmọ ní ọdún 1830 tí wọ́n fi ihò àpáta ṣe ibi ìsádi. Ṣùgbọ́n ẹ bi í ní ìbéèrè kejì pé, "Bàbá, Olúmọ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Níbo ni òun ti wá? Ọjọ́ wo ni òun dé?" Àgbà náà yóò rẹ́rìn-ín, yóò ní bí Ọlọ́run ti dá a nìyẹn.

Èmi kò bá àgbà jiyàn. Ọlọ́run ni ó dá ohun gbogbo. Ṣùgbọ́n bí a bá bí ọmọ, a kì í sọ pé Ọlọ́run ni ó fi í ta wá lọ́rẹ kí a sì dákẹ́ síbẹ̀. A óò kọ ọjọ́ ìbí rẹ̀ sílẹ̀, nítorí ọjọ́ kan ń bọ̀ tí a óò wá a tì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ti ilẹ̀. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn ilẹ̀ tí ó ń tẹ̀ yóò mọ ibi tí ó yẹ kí ó ti wá omi, yóò mọ ibi tí òkúta wà, yóò sì mọ ibi tí kò yẹ kí ó kọ́ ilé sí. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí, ọ̀rọ̀ owó ni, ọ̀rọ̀ omi ni, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjà àjàkú-akátá láàárín ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti aládùúgbò rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi yìí, aláró ni. Àdìrẹ ni ó ń tà ní Ìtòkú, iṣẹ́ ìyá wa ni ó sì jogún. Ẹni tí ó bá mọ iṣẹ́ aró mọ̀ pé omi ni ọba ibẹ̀. A óò fi omi fọ aṣọ kí a tó dì í, a óò fi omi po aró, a óò sì tún fi omi ṣan aṣọ lẹ́yìn tí ó bá ti mu aró tán. Omi ẹ̀rọ kì í yọ lójoojúmọ́; omi tí wọ́n ń fi ọkọ̀ gbé wá tà sì ń jẹ èrè mọ́ olówò lọ́wọ́. Nítorí náà, nígbà tí èsúsú kàn án, ó ní kò sí ohun mìíràn tí òun yóò fi owó náà ṣe ju kànga lọ.

Ó pe àwọn tí ń gbẹ́ kànga. Wọ́n gbẹ́ ẹ dé ẹsẹ̀ bàtà 18, ọkọ́ sì dún kọ̀ǹ lórí àpáta. Wọ́n ṣí lọ sí ibòmíràn nínú àgbàlá kan náà, wọ́n tún gbẹ́, àpáta náà ni wọ́n tún bá. Lẹ́yìn èyí ni ọkùnrin kan tí ó ní ẹ̀rọ tí a fi ń lu kànga dé. Kò wọn ilẹ̀, kò bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan; ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó ní kí wọ́n kó owó wá. Ẹ̀rọ rẹ̀ bú ramúramù fún ọjọ́ méjì, eruku funfun bo gbogbo àdúgbò, ṣùgbọ́n omi tí ó jáde kò tó èyí tí a fi ń bọ́jú. Ó ní, "Ìyá, ilẹ̀ yín gbẹ," ó di ẹrù rẹ̀, ó lọ. Owó èsúsú bá a lọ.

Ohun tí ó dun ẹ̀gbọ́n mi jù ni pé lẹ́yìn ògiri, níbi tí kò tó ogójì ìṣísẹ̀ sí ihò gbígbẹ yìí, opó kan wà tí òun náà ń ṣe iṣẹ́ aró. Kànga opó yìí kì í gbẹ, àní nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ pàápàá.

"Àbúrò mi," ni ẹ̀gbọ́n mi wí nígbà tí mo lọ kí i, "òjò kan náà ni ó ń rọ̀ sí wa lórí, ilẹ̀ kan náà ni a jọ ń gbé. Bí omi bá wà nínú tirẹ̀ tí kò sí nínú tèmi, ìwọ náà rò ó wò. Ọwọ́ ayé ni."

Bí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó dẹ́kun kíkí opó náà. Ó kọ̀ fún àwọn ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ láti máa pọn omi níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni láti ìgbà tí opó ti gbẹ́ kànga rẹ̀ ni wọ́n ti ń pọn ọ́n lọ́fẹ̀ẹ́. Ní ọjà, ó yí ìjókòó rẹ̀ padà kí ojú wọn má baà máa ṣe mẹ́rin. Opó náà kò mọ ohun tí òun ṣe. Ó ń sọkún kiri ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ọjà. Mo rí i pé bí a kò bá tètè wá nǹkan ṣe sí i, ọ̀rọ̀ náà yóò dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá.

Mo fi ọdún púpọ̀ ṣe tísà kí n tó fẹ̀yìn tì. Èrè kan tí ó wà nínú iṣẹ́ náà ni pé kò sí irú iṣẹ́ tí tísà kò ní bá ọmọ tí ó kọ́ nídìí rẹ̀. Ọmọbìnrin kan wà tí mo kọ́ ní ìwé kẹfà, tí ó lọ sí yunifásítì, tí ó sì kẹ́kọ̀ọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta, ìmọ̀ tí àwọn òyìnbó ń pè ní jiọ́lọ́jì. Mo ránṣẹ́ pè é. Ó dé pẹ̀lú àpótí kékeré kan, bátìrì mọ́tò kan, irin ṣóńṣó mẹ́rin àti wáyà gígùn. Ó kúnlẹ̀ kí wa. Lẹ́yìn náà, kàkà kí ó lọ wo ihò tí wọ́n ti gbẹ́, ó ní kí a mú òun lọ sí ìdí kànga opó.

Ẹ̀gbọ́n mi fajú ro. "Kí ni o fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀?"

"Ẹ má bínú, Màmá," ni ọmọ náà dáhùn. "Ẹni tí ó bá ń wá nǹkan, ọ̀dọ̀ ẹni tí ó ti rí irú rẹ̀ ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ lọ."

Ó wo bí kànga náà ti jìn tó, ó wo erùpẹ̀ etí rẹ̀, ó sì padà wá. Ó kan irin mẹ́rin náà mọ́lẹ̀ lórí ìlà kan, ó fi wáyà so wọ́n mọ́ àpótí rẹ̀, ó sì jẹ́ kí iná bátìrì gba ara irin méjì tí ó wà lóde wọ inú ilẹ̀. Irin méjì tí ó wà láàárín ni ó fi ń mọ ohun tí iná náà bá pàdé. Ó kọ iye rẹ̀ sílẹ̀. Ó sún àwọn irin òde jìnnà sí ara wọn, ó tún wọ̀n ọ́n. Ó ní bí wọ́n bá ti jìnnà sí ara wọn tó ni iná ń wọlẹ̀ jìn tó. Ilẹ̀ tí ó mu omi a máa jẹ́ kí iná kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́. Akọ òkúta gbígbẹ a máa dínà fún un. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe káàkiri àgbàlá láti òwúrọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí.

Nígbà tí ó parí, ó fi igi ya àwòrán sílẹ̀. "Akọ òkúta ni ó wà lábẹ́ ilé Màmá," ó ní, "irú èyí tí ó yọrí síta ní Olúmọ. Akọ òkúta kì í mu omi. Ṣùgbọ́n òjò àti oòrùn ti ń bá orí rẹ̀ jà láti ìgbà pípẹ́, wọ́n ti sọ ọ́ di amọ̀ àti iyanrìn. Inú òkúta tí ó ti jẹrà yìí ni omi ń gbé, àti ibi tí òkúta bá gbé sán. Jíjẹrà náà kò dọ́gba. Ó lè jìn níbi kan, kí ó má jìn rárá ní ogún ìṣísẹ̀ sí ibẹ̀. Lábẹ́ ilé ìyá kejì, òkúta sán, ó sì jẹrà lọ sísàlẹ̀, omi sì rí ibi gbára jọ sí. Ibi tí ẹ ti gbẹ́ tiyín, orí òkúta líle ni. Ṣùgbọ́n ìlà sísán náà kò tán sí ọ̀dọ̀ wọn. Ó gba abẹ́ ògiri, ó kọjá sí igun yìí, níbi tí ilé adìẹ wà."

Ẹ̀gbọ́n mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, a sá. Wọ́n ti jẹ owó mi lẹ́ẹ̀kan. Ìwọ kò wọ inú ilẹ̀, o kò fi ojú rí ohun tí ó wà níbẹ̀. Báwo ni o ṣe mọ̀?"

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ìbéèrè yìí gan-an ni àwọn onímọ̀ òkúta káàkiri ayé ti ń wá ìdáhùn sí láti ohun tí ó lé ní igba ọdún. Ọmọ náà fi ìwé méjì sílẹ̀ fún mi nígbà tí ó ń lọ. Mo ń kà wọ́n lọ́sàn-án, bí alẹ́ bá sì lẹ́, bí ẹ̀gbọ́n mi bá ti ń fi ìko di aṣọ, èmi a máa ròyìn ohun tí mo kà fún un.

Ní alẹ́ àkọ́kọ́, ìpele òkúta ni mo sọ̀rọ̀ lé. James Hutton, ará Scotland, jẹ́ àgbẹ̀. Ó ń wo bí òjò ti ń fọ erùpẹ̀ oko rẹ̀ lọ sínú odò, tí odò sì ń gbé e lọ sínú òkun. Ó rò ó pé erùpẹ̀ náà yóò máa rọ̀ sí ìsàlẹ̀ òkun ní ìpele-ìpele, yóò le di òkúta, agbára inú ilẹ̀ yóò sì tún tì í sókè di ilẹ̀ gbígbẹ. Ní ọdún 1788, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ibì kan tí à ń pè ní Siccar Point. Níbẹ̀ ni wọ́n ti rí ìpele òkúta tí ó nàró ṣánṣán bí ìwé tí a tò sórí pẹpẹ, tí ìpele mìíràn sì sùn lé e lórí. Ẹ wo iṣẹ́ tí èyí gbà: ti ìsàlẹ̀ ti kọ́kọ́ sùn gbalaja, ó ti le, a ti gbé e nàró, òjò ti jẹ orí rẹ̀ dọ́gba, kí ti òkè tó wá tẹ́ lé e. Hutton mọ̀ pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò lè ṣe é ṣe nínú ẹgbẹ̀rún ọdún mélòó kan.

"Bí aṣọ inú ìsọ̀ ni," ni ẹ̀gbọ́n mi wí láì gbójú sókè. "Èyí tí ó wà nísàlẹ̀ ni a kọ́kọ́ kó wọlé."

Mo ní òfin àkọ́kọ́ nínú ìmọ̀ náà ni ó sọ yẹn. Mo sì sọ fún un nípa William Smith, ọmọ alágbẹ̀dẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ó máa ń wọn ilẹ̀ fún àwọn tí ń gbẹ́ odò àtọwọ́dá fún ọkọ̀. Ó ṣàkíyèsí pé ìpele kọ̀ọ̀kan ní irú ìkarahun tirẹ̀ nínú, bí aláró kọ̀ọ̀kan ti ní iṣẹ́ ọnà tirẹ̀ tí a fi ń mọ aṣọ rẹ̀. Bí ó bá rí ìkarahun, ó mọ ìpele tí ó dé. Òun nìkan ni ó rin ilẹ̀ náà já, ó sì tẹ àwòrán òkúta ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales jáde ní ọdún 1815. Gbèsè gbé e dé ẹ̀wọ̀n ní ọdún 1819. Ọdún 1831 ni àwọn ọ̀mọ̀wé ẹgbẹ́ rẹ̀ tó fún un ní àmì ẹ̀yẹ. Ẹ̀gbọ́n mi kẹ́dùn fún un gan-an nítorí gbèsè yẹn.

Kò yẹ kí a lọ sí ilẹ̀ òkèèrè kí a tó rí irú ìpele bẹ́ẹ̀. Bí a bá kúrò ní Abẹ́òkúta tí a kọrí sí Èkó, akọ òkúta yóò wọlẹ̀, ilẹ̀ onípele yóò sì bò ó mọ́lẹ̀. Ní Ewékorò, òkúta ẹfun wà tí wọ́n ti ń fi ṣe sìmẹ́ńtì láti ọdún 1960. Nínú òkúta náà, ìkarahun àwọn ẹran òkun wà, bẹ́ẹ̀ ni òkun jìnnà sí ibẹ̀ ju 40 kìlómítà lọ. Kí ni ó gbé ìkarahun òkun dé Ewékorò? Òkun fúnra rẹ̀ ni. Ní nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 60 sẹ́yìn, ibẹ̀ ni ó tẹ́ sí, àwọn ẹran rẹ̀ kú síbẹ̀, ìkarahun wọn sì di òkúta. Ọ̀pọ̀ nínú wa tí ó fi sìmẹ́ńtì kọ́lé, ìkarahun àtayébáyé ni ó fi kọ́ ọ.

Ní alẹ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi ni ó kọ́kọ́ béèrè. "Ta ni ó ka ọdún wọ̀nyí? Ta ni ó wà níbẹ̀?"

Mo ní kí ó fi ojú inú wo obìnrin kan tí ó gbé ẹrù dé ọjà láìsí kọ́bọ̀ lọ́wọ́, tí ó sì jẹ́ pé ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ìdajì ohun tí ó kù lórí àtẹ gan-an ni ó máa ń tà. Bí a bá ka ọjà tí ó kù, tí a sì ka owó tí ó wà nínú àpò rẹ̀, ǹjẹ́ a kò ní mọ ọ̀sẹ̀ tí ó ti wà níbẹ̀? Irú ọjà bẹ́ẹ̀ wà nínú òkúta. Orúkọ rẹ̀ ni yùréníọ̀mù. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń sọ ara rẹ̀ di òjé, iná tàbí òtútù kò lè mú un yára tàbí kí ó dá a dúró. Ìdajì rẹ̀ yóò di òjé nínú nǹkan bí ọdún bílíọ̀nù 4.5. Hóró kékeré kan sì wà tí à ń pè ní zircon, tí ó máa ń gba yùréníọ̀mù mọ́ra nígbà tí ó bá ń dì, ṣùgbọ́n tí ó máa ń kọ òjé. Òun ni olówò tí kò mú owó lọ́wọ́ wọ ọjà. Òjé tí a bá bá nínú rẹ̀, inú rẹ̀ ni ó ti pa á.

Irú ìṣirò yìí ni ó fi hàn pé àwọn akọ òkúta ńláńlá ilẹ̀ wa, irú ti Abẹ́òkúta àti Ìdànrè, ti tó nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 600. Ọ̀gbẹ́ni Clair Patterson ní Amẹ́ríkà fi òkúta tí ó já bọ́ láti ojú ọ̀run ṣe ìṣirò bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1956, ó sì rí i pé ọjọ́ orí ayé yìí jẹ́ ọdún bílíọ̀nù 4.55. Títí di òní, iye náà kò yẹ̀.

Ohun kan tún yà mí lẹ́nu nínú ìwé náà. Ohun tí ó yọ́ bí ẹ̀tù, bí ó bá tètè tutù, hóró rẹ̀ a kéré; bí ó bá pẹ́ kí ó tó tutù, hóró rẹ̀ a tóbi. Ẹ wo òkúta wa dáadáa, ẹ óò rí hóró ńláńlá nínú rẹ̀, òmíràn funfun, òmíràn dúdú, òmíràn pupa rúsúrúsú. Èyí fi hàn pé ìsàlẹ̀ ilẹ̀ lọ́hùn-ún, ní ọ̀pọ̀ kìlómítà, ni ó ti dì. Òkè tí ó wà lórí rẹ̀ nígbà náà, òjò ti fọ̀ ọ́ lọ. Olúmọ tí à ń gòkè lọ wò lónìí, ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ni ó wà nígbà kan rí.

Ní alẹ́ kẹta, mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé, "Bí ẹ bá fẹ́ ra ìkòkò aró, kí ni ẹ máa ń ṣe?"

"Mo máa ń fi ìka kàn án. Bí ó bá sán, ohùn rẹ̀ yóò sọ."

Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn onímọ̀ ṣe mọ inú ayé. Ihò tí ó jìn jù lọ tí ọmọ ènìyàn lu sísàlẹ̀ tààrà wà ní Kola ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ní ọdún 1989 ó dé mítà 12,262. Ṣùgbọ́n láti orí ilẹ̀ dé àárín gbùngbùn ayé, kìlómítà 6,371 ni. Gbogbo làálàá wọn kò tó ìdá kan nínú 500. Nítorí náà, etí ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́. Bí ilẹ̀ bá mì níbì kan, ìró rẹ̀ a máa gba inú ayé kọjá, ẹ̀rọ a sì gbọ́ ọ ní òdìkejì. Ìró méjì ni. Ọ̀kan ń ti nǹkan síwá sẹ́yìn, ó sì ń gba inú òkúta àti ohun tí ó ń ṣàn kọjá. Èkejì ń mi nǹkan sọ́tùn-ún sósì, òun kò sì lè gba inú ohun tí ó ń ṣàn kọjá.

Ní ọdún 1906, Richard Oldham fi irú ìró bẹ́ẹ̀ fi hàn pé ayé ní kókó kan nínú, ìyẹn ibi tí ó yàtọ̀ sí òkúta tí ó yí i ká. Ní ọdún 1909, Andrija Mohorovičić rí ibi tí èèpo ayé, tí à ń gbé orí rẹ̀, ti tán. Àwọn onímọ̀ tún rí i pé ìró kejì kì í la kókó náà já, wọ́n sì mọ̀ pé ohun tí ó yọ́ ni ó wà níbẹ̀. Ní ọdún 1936, Inge Lehmann, obìnrin ará Denmark, wo ìró tí kò yẹ kí ó dé ibi tí ó dé, ó sì sọ pé kókó mìíràn wà nínú kókó náà. Òótọ́ ni.

"Obìnrin ni?" Ẹ̀gbọ́n mi fi aṣọ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Obìnrin ni. Ó sì lo ọdún 104 láyé."

Ní kúkúrú, bí ẹyin ni ayé ti rí. Èèpo rẹ̀ nípọn tó nǹkan bíi kìlómítà 35 sí 40 lábẹ́ ilẹ̀ gbígbẹ, kò sì ju nǹkan bíi kìlómítà 7 lọ lábẹ́ òkun. Lábẹ́ èèpo ni òkúta gbígbóná wà dé kìlómítà 2,900, ó le, síbẹ̀ ó ń fà díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni irin tí ó yọ́. Láti kìlómítà 5,150 lọ sísàlẹ̀, irin náà le, nítorí ìwọ̀n gbogbo ayé ni ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo sọ ọ̀rọ̀ Bràsíl. Ní ọdún 1912, Alfred Wegener, ará Jámánì, sọ pé àwọn ilẹ̀ ńlá ayé ń rìn, pé Áfíríkà àti Amẹ́ríkà ti gúúsù wà papọ̀ nígbà kan. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé fi í rẹ́rìn-ín. Ó kú sínú yìnyín Greenland ní ọdún 1930 kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ tó ṣẹ. Ní ọdún 1967, Patrick Hurley àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Amẹ́ríkà àti Bràsíl lo aago inú òkúta. Wọ́n rí i ní ilẹ̀ Gánà pé ààlà kan wà nítòsí Accra: òkúta ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ tó nǹkan bí ọdún bílíọ̀nù 2, ti ìlà-oòrùn, tí ó lọ sí apá ọ̀dọ̀ wa, tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 600. Wọ́n so àwòrán ilẹ̀ méjèèjì pọ̀, wọ́n ní bí ọ̀rọ̀ Wegener bá jẹ́ òótọ́, ààlà yẹn yóò wọ Bràsíl nítòsí ìlú São Luís. Wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n bá a.

Ẹ rò ó wò. Àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Bràsíl, tí díẹ̀ nínú ọmọ wọn padà wá di Àgùdà láàárín wa, wọ́n rò pé ilẹ̀ àjèjì pátápátá ni wọ́n dé. Wọn kò mọ̀ pé ilẹ̀ náà àti tiwa ti jẹ́ ọ̀kan, pé nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 100 sẹ́yìn ni òkun là wọ́n níyà. Títí di òní ni wọ́n ṣì ń jìnnà sí ara wọn, bí èékánná ọwọ́ ti ń hù lọ́dún.

Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí ó di òwúrọ̀, ó ránṣẹ́ sí mi pé, "Pe ọmọ yẹn wá. Bí wọ́n bá lè mọ ohun tí ó wà ní àárín ayé, wọn kò ní ṣe aláìmọ ohun tí ó wà lábẹ́ ilé adìẹ mi."

Wọ́n wó ilé adìẹ. Ọmọ náà dúró ti àwọn tí ó lu ilẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ń wo erùpẹ̀ tí ń jáde, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ẹsẹ̀ bàtà 140, omi tú jáde. Àwọn ọmọ iṣẹ́ pariwo ayọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kò bá wọn pariwo. Ó wọlé, ó mú àdìrẹ oníko kan tí ó dára jù nínú èyí tí ó ní, ó lọ sí ẹ̀yìn ògiri. Mo tẹ̀ lé e. Ó ní, "Má bínú sí mi. Ilẹ̀ ni kò yé mi." Opó náà gba aṣọ, ó sì kúnlẹ̀, nítorí ẹ̀gbọ́n mi jù ú lọ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ó ti tán." Ṣùgbọ́n mo rí omi lójú rẹ̀. Wọ́n ti ń kí ara wọn báyìí, wọn kò sì tíì máa bá ara wọn ṣeré bí ti tẹ́lẹ̀. Bí ọgbẹ́ bá jinná, àpá rẹ̀ a ṣì wà níbẹ̀.

Kí ọmọ náà tó lọ, ó pe àwọn méjèèjì jọ. Ó ní, "Omi kan náà ni ẹ jọ ń mu, láti inú òkúta kan náà tí ó sán. Bí ẹnì kan nínú yín bá gbẹ́ ṣáláńgá tàbí da omi aró sítòsí ìlà yìí, ẹni kejì ni yóò mu ún." Mo rí i pé ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ wọ́n lára ju gbogbo ohun tí mo kà nínú ìwé lọ.

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ẹ ń ra ilẹ̀, tí ẹ ń kọ́lé, ẹ jẹ́ kí n gbà yín nímọ̀ràn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lu kànga ẹ̀rọ fún yín láì kọ́kọ́ wọn ilẹ̀. Ẹ béèrè ìwé ohun tí ó rí lábẹ́ ilẹ̀, kí ẹ sì pa á mọ́ pẹ̀lú ìwé ilẹ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí kànga jìnnà sí ṣáláńgá, ó kéré tán mítà 30, kí ó sì wà ní apá òkè rẹ̀. Ẹni tí ó wà lórí akọ òkúta, kí ó wá ibi tí òkúta ti sán tàbí ti jẹrà jìn. Ẹni tí ó wà lórí ilẹ̀ oníyanrìn nítòsí òkun, kí ó ṣọ́ra kí omi iyọ̀ má baà wọ kànga rẹ̀. Kí a má sì rò pé ilẹ̀ wa kì í mì. Ìmìtìtì wó ilé ní Accra ní ọjọ́ 22 oṣù Júùnù ọdún 1939, ènìyàn sì kú. Ilẹ̀ mì ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1984, ó mì ní agbègbè Abẹ́òkúta ní ọdún 2009. Ó yẹ kí ìpìlẹ̀ ilé wa jẹ́ ìpìlẹ̀ gidi.

Ẹ̀yin tísà ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kó àwọn ọmọ jáde kúrò nínú kíláàsì ní ọjọ́ kan. Ẹ mú wọn lọ sí ibi tí katakata ti gé òkè láti fi la títì, tàbí etí odò tí omi ti jẹ ilẹ̀. Ẹ fi erùpẹ̀ dúdú òkè hàn wọ́n, ẹ fi yangí pupa hàn wọ́n, ẹ fi amọ̀ hàn wọ́n, títí ẹ óò fi kan òkúta tí ó wà nísàlẹ̀. Ẹ bi wọ́n pé, "Èwo ni ó kọ́kọ́ wà níbẹ̀? Báwo ni ẹ ṣe mọ̀?" Ẹ jẹ́ kí wọ́n jiyàn. Ẹ má tètè dá wọn lóhùn. Nínú wọn ni ẹni tí yóò wá omi fún ìlú wa lọ́la wà.